Ojú Tí Ó Fún Ọlọ́kọ̀

Nígbà tí Ọ̀kánlàwọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé, ó ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ tábìlì, ó sì rò pé àlejò ni, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkọ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn. Èjìká ni ó fi ń tì í, bí ẹni tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbé nǹkan kan.

"Ta nìyẹn?"

"Àgò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Àyọ̀ká ṣílẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ dúró níta nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń gba òrùlé gíláàsì ìlú wọlé. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níwájú àyà. Wọ́n ti fá irun rẹ̀ lókè etí lápá méjèèjì, ibẹ̀ sì ń dán.

"Ẹ kúulé o, mà," ó wí. "Ẹ̀yin náà ti dé? Ẹ ṣeun. Ará ilé ìyàwó mi ni yín, àbí?"

Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ ìwà ọkọ rẹ̀. Bí Ọ̀kánlàwọ́n bá ka ìwé kan tán, ó lè di ẹni inú ìwé náà fún odindi ọjọ́ kan. Nígbà tó ka ìwé nípa aránṣọ kan, ńṣe ni ó ń fi ojú wọn èjìká gbogbo ẹni tó bá pàdé. Nítorí náà, Àyọ̀ká bá a ṣe é.

"Ará ilé ìyàwó yín ni mí lóòótọ́. Ẹ wọlé wá jẹun, àna mi."

Ọ̀kánlàwọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sí apá ọ̀tún ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn àlejò ń tò ó sí. Ó jókòó sí etí àga. Ìṣó tí ó ń fi fìlà kọ́ wà lókè orí rẹ̀ gan-an, kò tilẹ̀ gbójú sókè wò ó. Ìgbà náà ni Àyọ̀ká rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé wọ́n ti rí òkú rẹ̀?" ó béèrè.

"Òkú ta?"

"Òkú ìyàwó mi. Àyọ̀ká."

Aṣọ tábìlì bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ìdó-Òṣùpá ni wọ́n ń pe ìlú yìí. Àwọn baba ńlá wọn ló fi ayé sílẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́ dó sínú kòtò ńlá kan lórí òṣùpá, tí wọ́n sì fi gíláàsì bò ó lórí kí afẹ́fẹ́ má baà sá lọ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọkọ̀ òfuurufú kò gba ẹrù púpọ̀, nítorí náà ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan ṣoṣo. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni wọ́n kó sí yàrá ìkàwé ìlú, àwọn náà ni wọ́n sì ń kà láti ìran dé ìran. Kò sí àwòrán nínú wọn. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìdó-Òṣùpá kò rí odò rí, kò rí ẹṣin, kò rí ọjà tí kò ní òrùlé. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ń kàwé, wọ́n á mú ojú ẹnì kan tí wọ́n mọ̀, wọ́n á fún ẹni inú ìwé. Ọba tó jagun nínú ìwé kan lè ní ojú ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe lẹ́yìnkùlé. Bí ẹni méjì tó ti ka ìwé kan náà bá pàdé lọ́nà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, "Ojú ta lo fún un?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Ọ̀kánlàwọ́n fún obìnrin alágbèrè kan nínú ìwé aránṣọ ní ojú aládùúgbò wọn kan, ó sì ṣe àṣìṣe, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àyọ̀ká kọjú sí ògiri sùn títí ọkùnrin náà fi gba ojú yẹn padà, tó sì fún alágbèrè náà ní ojú ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀.

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ìwé tó Ọ̀kánlàwọ́n ní gbogbo ìlú. Kì í fi itọ́ ṣí ojú ewé; ẹ̀yìn ṣíbí ni ó fi ń ṣí i, jẹ́jẹ́, nítorí ìwé ti gbó. Orí ìdúró ni ó máa ń wà bí ó bá ń ka ojú ewé àkọ́kọ́. Ó ní kò yẹ kí ènìyàn jókòó nínú ilé tí wọn kò tíì ní kó jókòó. Ó fẹ́ràn ìwé àgbẹ̀ kan tí èèpo rẹ̀ ti sọnù, nítorí orúkọ òjò tó wà nínú rẹ̀: àkọ́rọ̀, àrọ̀ọ̀rọ̀dá, àrọ̀kúrò. Bí ó bá ń wẹ̀, Àyọ̀ká á máa gbọ́ tí ó ń pe orúkọ wọ̀nyí lábẹ́ omi díẹ̀ tí ìlú fún wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó fẹ́ràn jù ni *Obìnrin Ọlọ́kọ̀*, ìtàn obìnrin kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ènìyàn sọdá odò. Ìwé náà kò dárúkọ obìnrin yìí, kò sì sọ bí ojú rẹ̀ ti rí. Nígbà tí Ọ̀kánlàwọ́n kọ́kọ́ kà á, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Àyọ̀ká ni, kò sì lè bá a sọ̀rọ̀ láìwo ilẹ̀. Ojú Àyọ̀ká ni ó fún Ọlọ́kọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ ọ́ fún un, ọjọ́ tó sì sọ ọ́ ni Àyọ̀ká gbà láti fẹ́ ẹ. Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ kì í kàwé. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń kà á sí i létí, òun á sì máa tòògbé.

Eruku òṣùpá ni ọ̀tá ìwé. Ó mú bí abẹ, kò sì sí ilẹ̀kùn tí kì í gbà wọlé. Ó ti gé ọ̀pọ̀ ojú ewé sí wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí inú ìlú fi dùn nígbà tí Dókítà Tẹniọlá, ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ kan láti Ìdó-Tuntun, ìlú kejì lórí òṣùpá, gbé ẹ̀rọ agbinwé dé. Bí fìlà ni ẹ̀rọ yìí rí. Okùn ìmọ́lẹ̀ tó tín-ín-rín ju irun lọ kún inú rẹ̀. Wọ́n á fá irun olùkàwé lókè etí, á dé e sórí, á ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn okùn náà á sì wá ibi tí ìwé náà ti jókòó sí nínú ọpọlọ rẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá rí tó so mọ́ ọn, wọ́n á gbìn ín pọ̀, á ta gbòǹgbò, olùkàwé kò sì ní gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan títí yóò fi kú. Wọ́n ti gbin ìwé sórí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìdó-Tuntun, ohunkóhun kò ṣe wọ́n.

Ọ̀kánlàwọ́n ni ẹni àkọ́kọ́ ní Ìdó-Òṣùpá. *Obìnrin Ọlọ́kọ̀* ni ìwé tó yàn.

Àyọ̀ká ṣì dúró lórí aṣọ tábìlì tó jábọ́ nígbà tí Dókítà Tẹniọlá àti Bàbá Ṣówándé, àgbàlagbà tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé, sáré wọlé. Bàbá náà ń mí gúlegúle.

"Wọ́n parí ìwé náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún," dókítà wí. "A rò pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ká tó mọ̀, wọ́n ti jáde."

"Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," Bàbá Ṣówándé dá a lóhùn. "Ta ni kì í sunkún níbẹ̀? Odò gbé Ọlọ́kọ̀ lọ."

Àyọ̀ká yíjú sí i. "Odò gbé e lọ kẹ̀?"

"Ìyàwó wa, ṣé o kò mọ̀ ni?"

Kò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá ka ìwé náà dé òpin, ohun tó máa ń gbọ́ ni pé Ọlọ́kọ̀ so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté, ó sì lọ sílé lọ dáná. Ọkọ rẹ̀ á wá pa ìwé dé. Ó wo ọkùnrin náà lórí àga. Ó ń fi àtàǹpàkò nu etí fìlà rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ onílé.

Dókítà kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀kánlàwọ́n. "Bàbá, ta nìyí?" Ó nawọ́ sí Àyọ̀ká.

"Ará ilé ìyàwó mi," Ọ̀kánlàwọ́n wí. "Ẹ má bínú, mi ò tíì béèrè orúkọ wọn."

Dókítà dìde, ó mú àwọn méjì yòókù lọ sí ẹ̀yìn ilé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú fún un, ó di orí mú.

"Bàbá Ṣówándé, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé ojú ènìyàn alààyè lẹ fi ń kàwé?"

"Kí ni kí n sọ? Ṣé ènìyàn ń sọ fún àlejò pé imú la fi ń mí? Bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyẹn. Báwo lẹ̀yin ṣe ń kà á?"

"Àwòrán wà nínú tiwa. Gbogbo wa la ń rí ojú kan náà."

"Háà! Ẹ ò kàwé nìyẹn. Ẹ̀ ń wòran ni."

"Bàbá, eléyìí kọ́ la fẹ́ máa bára wa fà báyìí."

"Òun ni. O wá gbin iṣu sí àárín pálọ̀ onílé, o tún ń bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ọ pé pálọ̀ ni."

"Onílé ló júwe ibẹ̀ fún mi, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mú wọn wá. Ẹ ní kò sí ẹni tó tún mọ ìwé náà tó wọn."

Bàbá Ṣówándé fi ọwọ́ nu òógùn ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́," Àyọ̀ká wí. "Ẹ sọ ohun tó ṣe ọkọ mi fún mi."

Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn okùn ìmọ́lẹ̀ wá Ọlọ́kọ̀ lọ sínú orí Ọ̀kánlàwọ́n, wọ́n sì bá Àyọ̀ká níbẹ̀: ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ohun gbogbo láti ìgbà tí wọ́n ti mọra. Ẹ̀rọ kò lè mọ èyí tí í ṣe ti ìwé àti èyí tí í ṣe ti ayé. Ó gbin gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìtàn. Ìtàn sì ní Ọlọ́kọ̀ kú.

"Ṣé ẹ lè fà á tu?"

"Mo lè fà á tu, kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbòǹgbò rẹ̀ á ti mú." Lórí òṣùpá, oòrùn kì í yára wọ̀, ó máa ń wà lójú ọ̀run tó ọ̀sẹ̀ méjì ti ayé. "Ìwé náà kò ní sọnù. Wọ́n lè kà á láti orí kí n tó fà á tu, kí Bàbá Ṣówándé máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n, Màmá, bí mo bá fà á tu, gbogbo ohun tó so mọ́ ọn ni yóò bá a jáde. Wọn ò ní sunkún mọ́. Wọn ò sì ní mọ̀ pé wọ́n fẹ́yàwó rí."

"Bí mo bá sọ fún un ńkọ́? Bí mo bá ń sọ fún un lójoojúmọ́?"

"Wọ́n á gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní rántí," dókítà wí. "Ẹ̀yin ni òfin fún ní àṣẹ, nítorí ẹ̀yin ni ìyàwó. Ẹ rò ó."

Àyọ̀ká kò rò ó. Ó dáná ni. Ó se ẹ̀wà bí ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi jó díẹ̀. Ọ̀kánlàwọ́n jẹ ẹ́, ó ní, "Bí ìyàwó mi ṣe ń sè é nìyí. Ṣé ilé yín ni ó ti kọ́ ọ?" Àyọ̀ká fi àpá tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ hàn án, èyí tí ìkòkò gbígbóná dá sí i lára. Ọkùnrin náà mi orí. "Òun náà ní irú rẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó ní kí obìnrin náà sùn sórí ibùsùn, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ́ ẹní sí pálọ̀, nítorí kò yẹ kí àna sùn nílẹ̀. Bí obìnrin náà bá sì ń kọjá, á kó ẹsẹ̀ jọ kí ó rọ́nà.

Báyìí ni oòrùn ń yí lọ. Nígbà tó yá, Àyọ̀ká jókòó tì í, ó ní, "Ẹ sọ bí ìyàwó yín ti rí fún mi."

Ọ̀kánlàwọ́n kò ké sókè rí láyé rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tún wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ó máa ń kọrin bí ó bá ń tu ọkọ̀. Omi á kún inú ọkọ̀ náà, á máa fi igbá gbọ́n ọn, kò sì ní dẹ́kun orin."

Àyọ̀ká kò tu ọkọ̀ rí. Kò mọ bí igbá ti rí lọ́wọ́.

"Bí ó bá fẹ́ parọ́," ó tún wí, "á fi ẹsẹ̀ òsì síwájú. Mi ò sọ fún un rí. Mo fẹ́ràn kí n máa rí i. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ bo eyín òkè, bí ẹni tí wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín. Mo dúró sí èbúté lọ́pọ̀ ìgbà láìní ibi tí mò ń lọ, kí ó ṣáà lè gbé mi sọdá."

Àyọ̀ká wo ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún un rí. Kò mọ èyí tí yóò gbà gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, àti èyí tí í ṣe ti obìnrin tí odò gbé lọ. Ẹ̀rín náà jọ tirẹ̀. Èbúté kò jọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí pé kí wọ́n tó fẹ́ra, ọkùnrin yìí máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbomi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, láìmú korobá dání.

"Ṣé ẹ máa ń bá a sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí?" ó béèrè.

"Ojú ń tì mí. Ìwé ni mo máa ń kà sí i létí. Á ti sùn kí n tó parí."

"Ìwé wo?"

Ọ̀kánlàwọ́n la ẹnu láti dáhùn, ó sì dúró. Ojú rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn. "Ìwé kan... Ó wà nínú rẹ̀. Rárá. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ó wà, ó gbé orí lé mi lápá. Ó tún wà nínú ọkọ̀." Ó fọwọ́ di ibi tí wọ́n fá lórí rẹ̀ mú. "Báwo ni ènìyàn kan ṣe máa wà nínú ọkọ̀, kó tún máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

Àyọ̀ká di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀kánlàwọ́n, wò mí. Èmi ni. Mi ò kú. Èmi ni Àyọ̀ká rẹ."

Ọkùnrin náà wò ó. Fún ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó fẹ́ pe orúkọ. Ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní imú rẹ̀, ó kán sórí ọwọ́ àwọn méjèèjì. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má fi ìyẹn ṣe eré."

Dókítà sọ fún un lọ́jọ́ náà pé kò gbọ́dọ̀ dán an wò mọ́. Bí ó bá tún dán an wò, ohun tó ya nínú imú lè ya nínú ọpọlọ.

Nígbà tí oòrùn kan etí kòtò, tí òjìji gíláàsì sì gùn bo gbogbo ìlú, Dókítà Tẹniọlá gbé fìlà náà dé. Bàbá Ṣówándé tẹ̀ lé e. Dókítà fi àwo pẹlẹbẹ kan síwájú Àyọ̀ká, pé bí ó bá gbà, kí ó tẹ àtàǹpàkò sí i.

"Tẹ̀ ẹ́, ìyàwó wa," Bàbá Ṣówándé wí. "Ọkùnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó wà láàyè, èèwọ̀ ni. Kí wọ́n tu ú. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn rò ó," dókítà wí. "Lóòótọ́, èmi náà ò mọ èyí tó dára níbẹ̀. Mo rò pé mo mọ̀ nígbà tí mo dé ìlú yín."

Àyọ̀ká na àtàǹpàkò rẹ̀. Ó rò pé wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ó lè tún lọ sí ilé ìgbomi, kí ọkùnrin yìí tún wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún rò pé ó lè má dúró. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, nítorí kò mọ ohun tí yóò tún pè é, "bí wọ́n bá lè gba ìbànújẹ́ yìí lọ́wọ́ yín ńkọ́? Kí ó lọ pátápátá, tí ẹ kò ní rántí pé ẹ ní ìyàwó kan?"

Ọ̀kánlàwọ́n wo fìlà náà, ó wo àwo, ó wo dókítà. Ẹ̀rù bà á.

"Kí ni yóò kù fún mi?" ó wí. "Mo ní ìyàwó kan, ó kú. Ìyẹn nìkan ni mo ní. Bí ẹ bá gba ikú rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ ó gba ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó gba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ta ni yóò wá mọ̀ pé ó wà rí?"

Ó di ọwọ́ Àyọ̀ká mú, bí ènìyàn ti ń di ọwọ́ àgbà mú tí ó bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀yin ni ará ilé rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Òjìji ti dé ẹsẹ̀ tábìlì.

Àyọ̀ká ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. "Dókítà," ó wí, "ẹ gbé fìlà yín."

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Àyọ̀ká ti àwo náà padà sí i. Kò mọ̀ bóyá òun ni ẹni tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà là, tàbí ẹni tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Ọ̀kánlàwọ́n mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan Àyọ̀ká, ó gbójú sílẹ̀, ó ń fi ìka fa òwú tó yọ létí agbádá rẹ̀.

"Ẹ ti tọ́jú mi. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n, ẹ má bínú, mà, ẹ jọ ọ́ jù. Bí mo bá jí tí mo sì rí yín, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ó tún kú. Mi ò lè máa rí yín láràárọ̀."

"Ọ̀kánlàwọ́n!" Bàbá Ṣówándé kígbe. "Ilé ta lo rò pé—"

Àyọ̀ká gbé ọwọ́ sókè, bàbá náà dákẹ́. Obìnrin náà lọ sí yàrá, ó di ìwọ̀nba aṣọ sínú ìdì kan. Ó padà dé ibi ìdáná, ó wo iná, ó pa á. Ó bu omi sí ife, ó gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ yóò tó o. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, ó gbé ìdì náà há abíyá, ó sì jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.